Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ìyàndá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Káàdì ni gbogbo àdúgbò Lotto ń pè é. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa ní Mowe, ó sì lọ́ra bí ìgbín. Èmi ni mò ń pín òògùn ní fèrèsé tó kọjú sí tirẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún un kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ọláwùnmí," ni yóò wí, "ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Àwọn aláìsàn tó ń dúró níta ló ń bàjẹ́, Bàbá."

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Láti ìgbà náà, bí aláìsàn wa kan bá wà ní ilé ìwòsàn mìíràn, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ yóò béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa lórí ẹ̀rọ. A ó tẹ bọ́tìnì kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ní kí Bàbá dáná sun àwọn fáìlì àtijọ́. Bàbá ní, "Ó dáa, sà." Ọdún kejì rèé, wọ́n ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn, eruku ti bò wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìbéèrè kan wọlé nítorí aláìsàn tó wà ní Ifọ̀. Nùsírátù Sàlísù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan níbẹ̀. Ìfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì ti wú nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo yọjú wo kọ̀ǹpútà Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá sọ́dọ̀ wa, lọ́dún tó kọjá, nítorí ibà. Níbi tí a ń kọ òògùn tí ara kò gbà sí, "kò sí" ló wà níbẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá," ni mo wí.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹjú mọ́ "kò sí" yẹn.

"Ọmọ yìí sọ nǹkan kan fún mi lọ́dún tó kọjá," ó ní. "Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ kan níbí, ara òun wú, òun ò lè mí mọ́. Kò mọ irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́. Mo wá fáìlì Nùsírátù títí, mi ò rí i. Mo ní bóyá ilé ìwòsàn mìíràn ló ń rò."

"Bàbá, wọ́n ń dúró!"

"Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló gbé òun wá."

Nọ́ńbà ìyàwó náà wà nínú àkọsílẹ̀. Ummulkhair ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta ọ̀dà ilé ní Magboro. Nígbà tí Bàbá pè é, ó ti wà nínú ọkọ̀ ní Ìbafo, Ifọ̀ náà ló ń sáré lọ. Bàbá bi í pé orúkọ wo ló fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọmọ náà wá.

"Háà, Bàbá, ọmọ ọkọ mi ni wọ́n. Wọ́n ti wà nílé kí n tó wọlé ọkọ. Ṣé mo lè máa pe orúkọ wọn ni? Eyínfúnjowó ni mo ń pè wọ́n."

Bàbá fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń rá. Yóò wo ẹwà ara rẹ̀, yóò sì fún un ní orúkọ tirẹ̀.

Ọkùnrin tí mo ní ó lọ́ra yẹn sáré! Nígbà tó padà dé, fáìlì kan tí ikán ti jẹ létí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eyínfúnjowó Sàlísù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ náà. Nísàlẹ̀, dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ yìí ní pẹnisilíìnì mọ́ láéláé.

Irú òògùn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo sì ń pariwo pé kí ó tẹ bọ́tìnì. Ojú tì mí.

Bàbá ya àwòrán ojú ìwé náà, ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó ní orúkọ kò bára mu. Ó pe ilé ìwòsàn Ifọ̀, wọn ò gbé e. Ó pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, obìnrin tó gbé e sì ní òun kò lè da àkọsílẹ̀ ẹni méjì pọ̀, àfi bí ẹni tó gbé aláìsàn wá bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí.

Bàbá tún pe Ummulkhair pé kó yà sọ́dọ̀ wa. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Lotto. Bàbá gbé fóònù síwájú rẹ̀, obìnrin ìnṣọ́ránsì náà sì bi í léèrè:

"Madam, kí ni full name aláìsàn yẹn?"

"Eyínfúnjowó ni."

"Nickname ò lè wọlé, mà. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni mò ń béèrè."

Ummulkhair gbé ojú kúrò lára fóònù. Ọdún mẹ́tàlá ló ti lò nílé ọkọ, orúkọ yẹn kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wo Bàbá, ó wò mí. Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo pé kó pè é jàre, Bàbá bá gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mi, ó kọjú sí ọ̀nà Ifọ̀.

"Ẹ forí jì mí o, Eyínfúnjowó mi," ó ní. Ló bá gbóhùn sókè: "Nùsírátù! Nùsírátù Àbẹ̀kẹ́ Sàlísù. Èmi ni mo gbé wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ yẹn." Omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

Àkọsílẹ̀ wọlé. Obìnrin ìnṣọ́ránsì náà fúnra rẹ̀ pe dókítà Ifọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti fa òògùn náà sínú abẹ́rẹ́, wọ́n dà á nù, wọ́n lo òmíràn. Mo fún Bàbá ní omi tútù.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé fèrèsé rẹ̀, Bàbá á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni àwọn ìyàwó ilé yín ń pè yín?" Ó ń lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì bá a jà mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjèèjì gbé búrẹ́dì wá fún wa. Nùsírátù fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun lóòótọ́.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ìyàwó mi pe orúkọ mi!"

Ummulkhair fi ìborùn bo ojú. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ìdí tí n ó fi pè é."

Ẹ̀rín Nùsírátù dáwọ́ dúró. Ó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Àmín," ó ní. "Àmín, ìyàwó mi."