Tíṣà Ní Ilẹ̀ Ń Rìn Bí Èékánná Ṣe Ń Hù

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá tún un sọ níwájú mi.

Ìwé kẹta ni mo kà dé, mo fi ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà. Láti Ayétòrò títí dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ létí òkun wa níbí, kò sí ẹni tó mọ omi tó mi. Síbẹ̀, tíṣà kan ti òkè wá, kò lè lúwẹ̀ẹ́, ó gba yàrá nínú ilé mi, ó wá fẹ́ kọ́ mi bí ilẹ̀ ṣe rí.

Ìrọ̀lẹ́ kan, a jókòó lórí àfárá pákó iwájú ilé. Ó ní ilẹ̀ ayé kì í ṣe odidi, awẹ́-awẹ́ ni bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn lórí òkúta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, etí ibi tí awẹ́ méjì ti pàdé ni wàhálà wà."

Mo ní kó dákẹ́, kí n parí rẹ̀ fún un. Nígbà èwe mi, èmi ni mo máa ń dúró lórí gẹdú tí a so pọ̀, tí ọkọ̀ ń fà lójú omi lọ sí Èkó. Bí ìdì gẹdú méjì bá kọlu ara wọn, ọ̀kan á wọ abẹ́ èkejì, tàbí kí méjèèjì gbára jọ sókè. Bí wọ́n bá ń ha ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á há. Tí wọ́n bá já lójijì, ẹni tó wà lórí wọn á ṣubú. Bí wọ́n bá sì yà, omi ìsàlẹ̀ á yọ láàárín.

Ẹnu ya tíṣà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, jíjá lójijì yẹn ló ń mi ilẹ̀ tìtì. Ó ní awẹ́ tiwa ń yà kúrò lára ti Bràsíìlì láàárín agbami, òkúta gbígbóná ń yọ níbẹ̀, ó ń di ilẹ̀ tuntun.

"Báwo ló ṣe ń yá tó?"

"Bí èékánná yín ṣe ń hù ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo wo èékánná mi. Ọkàn mi balẹ̀.

Àṣà wa ni pé bí òkun bá ti gba ilé tó wà níwájú tìẹ, wàá tú ilé rẹ. Pákó, páànù, òpó, gbogbo rẹ̀ á wọ ọkọ̀, àdúgbò á bá ọ tún un kọ́ sẹ́yìn. Kò pẹ́, òkun gba ilé iwájú wa. Ìyàwó mi di ẹrù.

"Bàbá ìbejì, ẹ jẹ́ ká tú ilé."

"Ṣé o mọ̀ ju ẹni tó kàwé lọ ni? Bí èékánná ló ń rìn. Kó tó dé ibí, àwọn ìbejì á ti hu ewú."

"Èékánná wo ló gbé ilé iwájú lọ?"

Mo ní kó tú ẹrù rẹ̀. Tíṣà tó wà nítòsí fẹ́ la ẹnu, mo ní ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ omi níwájú mi. Àwọn ará àdúgbò wa ọkọ̀ wá láti bá wa tú ilé, mo pè wọ́n ní ojo, mo lé wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀sán gangan, òkun wọlé. A sá sínú ọkọ̀ aládùúgbò tí mo pè ní ojo. Àwọn òpó iwájú tẹ̀, òrùlé tẹ̀ lé wọn. Tíṣà sáré ti ilé ìwé dé.

"Ìwọ lo ní èékánná," mo wí.

"Awẹ́ ilẹ̀ ni mo sọ, ẹ̀gbọ́n. Etí awẹ́ wa jìnnà réré síbí. Òkun tó ń jẹ iyanrìn, ọ̀tọ̀ ni."

"O gbọ́ tí ìyàwó mi ń bẹ̀ mí, o panu mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ omi níwájú yín."

Ìyàwó mi kò wojú mi. Mo ní kí tíṣà kúrò nínú ilé mi. Ilé kò sí mọ́, síbẹ̀ mo lé e.

Ohun tí òkun gbé lọ nìyí: ilé oníyàrá márùn-ún, ọkọ̀ kan, àwọ̀n mẹ́rin, ààrò méjì tí ìyàwó mi fi ń yan ẹja, ìkòkò rẹ̀ mẹ́fà, àpótí ìwé kan tó jẹ́ ti tíṣà. Ènìyàn kankan kò bá a lọ.