Ẹsẹ̀ Ayọ̀fẹ́ tó Kún

Èmi ni mo ní kí wọ́n má fún ọmọ náà lẹ́yin jẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa di ẹ̀bi ru Adétóun, ìyàwó ọmọ mi. Bánkì ló gbé Ọládayọ̀ ọmọ mi wá sí Sókótó, Adétóun ń kọ́ni nílé ìwé, wọ́n sì mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n máa bá wọn tọ́jú ọmọ wọn nílé ní Mabera.

Ayọ̀fẹ́ ti pé ọdún kan àbọ̀, wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ògì ni mò ń fún un, ògì àti ṣúgà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Bí Adétóun bá se ẹyin, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì péré."

"Ìdajì olè lo fẹ́ tọ́ nìyẹn! Ọmọ tí ẹyin àti ẹran bá mọ́ lẹ́nu, lọ́jọ́ tí kò bá rí i, kò ní jalè?"

Ó kó ẹyin náà fún mi. Ta ni yóò bá ìyá ọkọ fà á?

Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ayọ̀fẹ́ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kún. Inú mi dùn, mò ń gbé e kiri àdúgbò. Kò sáré mọ́, kò da ilé rú mọ́, mo ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Irun rẹ̀ ń pọ́n, mo ní oòrùn ìlú yìí ni. Àgbàyà ni mí!

Kulu tó ń ta nono, wàrà àwọn Fúlàní, lẹ́nu ọ̀nà wa, ló wo ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jin, kò sì padà.

"Subhanallahi! Kaka, asibiti!"

Hausa mi ò tó nǹkan, àmọ́ mo mọ̀ pé kaka ni ìyá àgbà, mo sì mọ ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọmọ wọ kẹ̀kẹ́, mò ń pe orúkọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbé ọwọ́ sí i nímú, bóyá ó ṣì ń mí.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á jẹ́ Yorùbá, Tolúlọpẹ́ lorúkọ rẹ̀.

"Ìyá, kí ló ń jẹ?"

"Ògì."

"Ògì àti kí ni?"

"Ṣúgà."

"Ìyá, omi ló wà nínú ẹsẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹran. Ògì nìkan kò lè mú ọmọ dàgbà. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ara ń fẹ́ wọn láti kékeré títí dọjọ́ ogbó."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè wo ojú Adétóun. Wọ́n ń fún ọmọ náà ní wàrà díẹ̀díẹ̀, ó kàn ń sùn ṣáá. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ, kó mú èmi. Lọ́jọ́ kẹrin, Ayọ̀fẹ́ figbe ta, ó nawọ́ sí ife. Adétóun bú sẹ́kún ayọ̀.

Ẹ̀rù tiwọn tán, tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti rí irú ẹsẹ̀ yẹn rí. Olúbùsọ́lá, ọmọ tí mo bí lé Ọládayọ̀, ògì nìkan ni mo fún òun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, irun rẹ̀ pọ́n, ó sì kú. Mo ní ìyáálé mi ló fi májèlé sí i lóúnjẹ. Mo pariwo rẹ̀ títí wọ́n fi lé obìnrin náà jáde nílé ọkọ.

Ó ṣì wà láàyè, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà ní Ìlọrin. Mo ní kí Ọládayọ̀ bá mi pè é. Mo gbé fóònù sétí.

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

"Ìyáálé mi, èmi ni. Ìyá Olúbùsọ́lá."