Bí Bàbá Mi Ṣe Kọ́ Ìṣubú

Òórùn èso òwú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Tchaourou. Òórùn náà wúwo bí òróró tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, eruku sì máa ń bá a rìn nígbà ọyẹ́. Wọn kì í tọ́jú òwú síbẹ̀ mọ́ ní àsìkò tí mò ń sọ yìí. Ìjọba ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní rẹfolúsíọ̀n ti kógbá sílé, ẹnikẹ́ni sì lè dá ẹgbẹ́ tó wù ú sílẹ̀ láì tọrọ àyè. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn kan dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Jándámù kan, ìyẹn ọlọ́pàá ológun, tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó fẹ́yàwó nílùú wa, dá ẹgbẹ́ júdò ní tirẹ̀. Tonton la máa ń pè é. Ó ki koríko ìrẹsì gbígbẹ sínú àpò òwú, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó na báàṣì, ìyẹn tapólì ọkọ̀ akẹ́rù, lé wọn lórí. Ẹní wa nìyẹn. Orí rẹ̀ la ti ń di ara wa láṣọ mú, tí kálukú ń wá bí òun yóò ṣe gbé ẹnì kejì ṣánlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo rò pé ọjọ́ kìíní ni n ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Rárá o. Odindi oṣù méjì la fi kọ́ ìṣubú: ká ká ẹ̀yìn kò, ká gbé àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà kan ilẹ̀, ká fi apá lu ẹní gbàà kí agbára ìṣubú náà lè gba ibẹ̀ jáde. Ó sú mi, ọ̀rẹ́ mi. Apá mi a máa ta mí bí ẹni jẹ pàṣán.

Bàbá mi kò mọ̀ sí i. Àgbẹ̀ iṣu àti kajú ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Alafiarou, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù láyé, ìṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ìgbáròkó rẹ̀ kán. Orí ẹní ló wà títí ọdún fi yí po, orí ẹní náà ló kú sí. Bàbá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá sáré lágbàálé wa, igbe bàbá mi lo máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí ẹnìkan wá sọ fún un pé wọ́n ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ ṣánlẹ̀ nílé òwú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Ó wọlé tòun ti bàtà, ó nàka sí mi.

"Ìwọ, dìde, ó dilé."

Tonton kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"N kò wá jókòó. Ẹ fẹ́ kán ọmọ mi léegun."

"Ìṣubú ni mò ń kọ́ wọn, kí eegun wọn má baà kán."

"Ta ló ń kọ́ ìṣubú?"

Tonton bọ́ sórí ẹní, ó fò sókè, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ gbìì. Kí bàbá mi tó pa ẹnu dé, Tonton ti dìde, ó ń gbọn kìmónò, aṣọ júdò rẹ̀.

Bàbá mi sún mọ́ ọn. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mo ti pé márùndínláàádọ́rin."

"Ha! Ẹ jù mí lọ!"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó.

Kò ní kí n máa lọ, kò sì ní kí n má lọ mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n wa iṣu tán lọ́dún yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó kírun àsárì tán, ó tẹ́ ẹní méjì léra wọn lórí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, ó pè mí. "Wá fi hàn mí. Rọra o." A bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó, a bọ́ sí ìlóṣòó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bàbá arúgbó ń kọ́ ìṣubú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Bàbá mi kò dáwọ́ dúró. Ó ń gbé àgbọ̀n mọ́ àyà, ó ń lu ẹní, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń kó iṣu sọ́kọ̀ ní Alafiarou. Bàbá mi wà lókè ọkọ̀, ó ń to iṣu, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, kò mọ̀ pé wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà tí onísẹ́mì kan, ìyẹn ọlọ́kadà, fi wá gbé mi lórí alùpùpù rẹ̀. "Bàbá rẹ já bọ́ láti orí ọkọ̀." Kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń rí lórí ẹní, mo tilẹ̀ ń gbọ́ òórùn òrí tí wọ́n fi ń pa á lára. Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Nígbà tí mo rí èrò tó ṣù jọ sábẹ́ igi kajú, mo fò sílẹ̀ lórí alùpùpù náà. Ohùn kan wá jáde láàárín wọn:

"Ẹ bá mi wá fìlà mi."

Bàbá mi ni. Ó jókòó, apá òsì rẹ̀ wú láti ìgúnpá dé ọwọ́, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rí mi.

"Orí mi kò kan ilẹ̀," ló wí. "Mo gbé àgbọ̀n mọ́ àyà."

Mo jókòó sínú eruku, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tó ṣáájú. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, ó ní kò sí eegun tó kán, Ọlọ́run ló kó o yọ. Bàbá mi ṣe àmín, ó ní Ọlọ́run náà ló rán Tonton.

Mo ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, mo ṣì ń ṣe júdò ní Parakou lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Orúnkún mi kò gba kí n máa bá àwọn ọ̀dọ́ jà mọ́, nítorí náà mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe é ní ìwọ̀nba, mo sì ń kọ́ àwọn ìyá àgbà kan bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Tonton fúnra rẹ̀ kò kúrò lórí ẹní títí ó fi lé lọ́gọ́rin. Ìdíje tí mo lọ láyé mi kò ju mẹ́ta lọ, wọ́n sì gbé mi ṣánlẹ̀ nínú gbogbo wọn. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo rí jẹ nídìí rẹ̀, ọdún méjìdínlógún ni mo máa ń kà fún wọn. Iye ọdún tí bàbá mi tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nìyẹn, tó lọ sóko, tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ sí èjìká. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó lọ bu omi àlùwàlá rẹ̀.