Ataare Méje Tí Mo Gbé Mì

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àlejò tó wá kí ọmọ tuntun ní àgbàlá wa ní àdúgbò Lalala dúró yí ṣálángá ká, tí èmi, àgbà télọ̀, ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún, jókòó sínú rẹ̀, tí mo ń pariwo láti inú lọ́hùn-ún pé kì í ṣe ọbẹ̀ tí wọ́n sè ló ń ṣe mí. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, etí mi á gbóná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ṣálángá ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni owó epo ń ṣàn ní Libreville, olú ìlú Gabon. Wọ́n ń wa epo jáde láti inú òkun, owó rẹ̀ sì ń wọ ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí a kò mọ epo kankan ju èyí tí a fi ń dín àkàrà lọ náà ń rí níbẹ̀ lá. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń wọ̀ ni mo ń rán, iṣẹ́ náà sì pọ̀ débi pé mo gba ọmọ iṣẹ́ kún ọmọ iṣẹ́. Mo sanra díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, bí àwọn èèyàn pàtàkì ṣe máa ń ṣe. Inú kì í run mí, orí kì í fọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò bá sì ń ráhùn pé ìdí ń yọ òun lẹ́nu, èmi ni mo máa ń júwe ewé tí yóò wá kiri fún un.

Ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Avéa, ló mú ọ̀rọ̀ dókítà wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ fún un pé ilé ìwòsàn aládàáni kan lápá Batterie IV ti ra ẹ̀rọ tuntun, okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí, tí wọ́n fi ń wo ìfun èèyàn kí àrùn tó fi ibẹ̀ ṣelé. Ó ní ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún ló yẹ kó ṣe é, ì báà máa ṣàìsàn, ì báà má ṣàìsàn. Mo béèrè ibi tí okùn náà ń gbà wọlé. Ó sọ fún mi. Mo ní kó gbé oúnjẹ mi wá, ká sì má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi mọ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn mọ ibi tí egbò mi wà. Àrùn inú ló pa ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, ikú yá ju ẹ̀sín.” Kò pẹ́ sígbà náà tí a sin ín. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi wò mí lójú tó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin méjèèjì o,” ẹ̀rù bà mí gan-an. N kò sọ fún un, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìgbẹ́ mi kí n tó da omi sí i.

Bí a ṣe lọ rí dókítà nìyẹn. Obìnrin ni, ọmọ Gabon, kò sì lè dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Èyí nìkan ti tó láti mú kí n fẹ́ sá. Ó fi Faransé ṣàlàyé pé kí ìfun lè mọ́ tónítóní, n kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tó ní kóró fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ku ọ̀la tí wọn yóò fi okùn wò mí, omi àti ohun mímu tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀ nìkan ni kí n máa mu, tó bá sì di ọ̀sán, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi. “Pas de graines, monsieur. Kò gbọdọ̀ sí kóró kankan.” Èmi ń mi orí bí alángbá: “Oui, docteur. Oui, docteur.” Faransé tèmi, Faransé ìwọ̀n ṣòkòtò àti iye owó ni, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé mi dáadáa. Èyí ló mú kí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà máa pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé etí kẹta kò gbọdọ̀ gbọ́. Èmi tí mo ń júwe ewé fún gbogbo ayé, kí wọ́n wá gbọ́ pé ọmọbìnrin kékeré kan fẹ́ fi okùn wo ìdí mi! Mo sọ fún àwọn ará àgbàlá pé mò ń lọ sí ìlú Port-Gentil láti lọ wọn aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ epo. Mo tilẹ̀ di báàgì.

Àṣé ìyàwó káfíńtà tí a jọ ń gbé ti bímọ. Ọmọ Nàgó ni káfíńtà náà, láti apá Kétu, ìyá rẹ̀ sì ti wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Obìnrin ni ọmọ. Èmi ni mo dàgbà jù ní àgbàlá, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ okùn ni ìsọmọlórúkọ bọ́ sí. Mo dà á rò, mo sì yin ọgbọ́n mi: n ó sọ ọmọ lórúkọ ní àárọ̀, n ó mu oògùn ní ọ̀sán, ẹnì kankan kò ní fura. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ ló ń kọ́kọ́ tọ́ gbogbo nǹkan àdúrà wò.

Omi kò lẹ́bi. Oyin kò lẹ́bi, iyọ̀ náà kò lẹ́bi. Obì, mo gé e ní bíńtín, mo tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì dọ́gbọ́n tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ó wá kan ataare, méje fún ọmọbìnrin. Mo kó o sẹ́nu, mo gbé ohùn sókè: “Kíkún ni ilé ataare ń kún. Ilé ọmọ yìí kò ní ṣófo!” Gbogbo wọn ní “Àmín!” Mo ti kó ataare sábẹ́ ahọ́n, mo ń wá ọ̀nà àti mú áńkáṣíìfù jáde, nígbà tí mo rí ìyá káfíńtà. Ó gbé ọmọ lé itan, ó jókòó kọjú sí mi, ó ń wo ẹnu mi bí ológbò ṣe ń wo ihò eku.

“Bàbá Télọ̀,” ó ní, “ẹ ò rún un.”

Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò tu ataare ọmọ ọlọ́mọ dànù lójú ìyá àgbà rẹ̀? Mo gbé e mì. Odindi. Bí mo ṣe gbé e mì ni ìyàwó mi fi ìborùn bo ojú.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé. Láti òwúrọ̀ kùtù ni ìyá káfíńtà ti wà nídìí iná, àkàsà, ọbẹ̀ ẹja, ẹran ewúrẹ́. Mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí, mo sá wọ yàrá, mo bu ife oògùn àkọ́kọ́. Ó dà bí omi òkun tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Mo mu ún, mo dúró, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé èyí náà ni? Àwọn wọ̀nyí kò tíì mu àgbo rí.” Ìyàwó mi kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi.

N kò tíì mu ife kejì tán tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ rántí pé ṣálángá kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá, ilé sì kún fún àlejò. Mo gba àárín wọn kọjá, mo ń sáré, mo gbé báàgì ìrìn-àjò mi dání, kí irọ́ mi má baà já. Mo jáde. Mo kí wọn pé ó dìgbà o. N kò tíì dé ẹnu géètì tí mo fi yí padà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá, ọkọ̀ ti ń lọ!” Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wọ ṣálángá, mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, “Kí ni Bàbá Télọ̀ jẹ?” Ẹlòmíì ní òun náà ti ń gbọ́ nǹkan nínú òun. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohùn ìyá káfíńtà ni mo gbọ́ tẹ̀ lé e: “Èmi ni mo se oúnjẹ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sè é. Mi ò wá sí ìlú onílùú láti wá pa èèyàn níbi ìkómọ ọmọ ọmọ mi.” Ó bú sẹ́kún.

Mo jókòó níbẹ̀, mo di orí mú. Bí mo bá dákẹ́, àṣírí mi á bò. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi sọ sí mi létí, ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹkún obìnrin yẹn kò ṣeé gbọ́ sétí. Mo lanu, mo sì ké láti inú ṣálángá: “Ẹ máa jẹun! N ò fẹnu kan ọbẹ̀ yín! Oògùn ni mo mu! Dókítà fẹ́ fi okùn wo ìdí mi lọ́la!”

Káfíńtà ló béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ àgbà, pé, “Bàbá, ṣé ọ̀nà Port-Gentil nìyẹn?” Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Batterie IV.

Nígbà tí mo jáde, ìyá káfíńtà ti nu ojú. Ó béèrè ìdí tí mo fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí n kò ṣàìsàn. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un lójú gbogbo wọn. Ó ní, “Ọkọ mi náà, bó ṣe lọ nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀tá ló ṣe é.” Ó yíjú sí àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà ṣálángá, ó ní kí wọ́n lọ wá ibòmíì.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ aṣọ kan fún mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ là. Gẹ́gẹ́ bí télọ̀, mo fẹ́ bá wọn wí. Mo fi ọwọ́ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, oorun gbé mi lọ, n kò mọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo jí, dókítà dúró tì mí, ó gbé àwòrán kan dání: àwọn nǹkan róbótó kéékèèké nínú kọ́lọ́fín ìfun mi.

“Monsieur, c'est quoi, ça? Kí ni wọ̀nyí?”

Mo mọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “C'est pour le bébé, docteur. Ti ọmọ tuntun ni.” Ó wo ìyàwó mi, bí ẹni tó ń béèrè bóyá oògùn oorun kò tíì kúrò lórí mi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí òun rí dára, ṣùgbọ́n kóró náà ti dí ẹ̀rọ òun, òun kò dé òpin. Kí n lọ múra, kí n tún padà wá.

Mo búra nínú takisí pé n kò padà mọ́. Mo ní ibi tó rí tó dára ti tó. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà ń ya ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe nítorí aṣọ, láti béèrè bí Port-Gentil ṣe rí ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá káfíńtà wọlé, ó pọn ọmọ, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá Télọ̀, ataare ọmọ mi ló dí dókítà lọ́nà. Tí nǹkan bá ṣe yín báyìí, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni kò dáa. Ẹ padà lọ.”

“Màmá, ojú ń tì mí.”

“Ó ti tì yín tán. Kí ló tún kù tí a ò tíì gbọ́?”

Mo padà lọ. Lọ́jọ́ tí mo tún mu oògùn náà, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ṣálángá, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ọmọ lórí itan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá àfi èmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde ló ń kí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Télọ̀.” Mo ń dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

Dókítà dé òpin lọ́tẹ̀ yìí. Níbẹ̀ gan-an, ní ibi tí kò dé lákọ̀ọ́kọ́, ó rí ẹran kékeré kan tó hù sára ìfun, kò ju orí ìṣáná lọ, ó sì gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò tíì di àrùn burúkú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àrùn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ni…” kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe ara mi ni mo ń sunkún fún.

Ọjọ́ ti pẹ́. Ìyá káfíńtà padà sí Kétu, ibẹ̀ ló ti lọ sinmi. Ọmọ tí mo sọ lórúkọ ti ga jù mí lọ. Faransé ló ń sọ, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju ìkíni lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti ilé ìwé dé tó bá mi lórí àga, tí n kò ṣe nǹkan kan, á rọra kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Télọ̀.” Ó mọ ohun tó ń ṣe.

N kò bá àgbà jà lórí òwe. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan níbẹ̀, ó wà nínú ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi mú èkejì, wọ́n sì ń fi mí ṣẹ̀sín títí di òní. Lánàá òde yìí, káfíńtà tún bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ sí Port-Gentil. Mo bú u, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, kí wọ́n máa fi èmi àti òun ṣe yẹ̀yẹ́ pọ̀.