Ọṣẹ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Aṣọ Ké

Màmá mi kì í fi ojú mọ̀ bóyá aṣọ mọ́, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ti fọ aṣọ débi tó fẹ́, á ká a mọ́ ọrùn-ọwọ́ òsì, á fi ti ọ̀tún gbo ó, aṣọ náà á sì ké fíọ̀, fíọ̀, bí ọmọ eku tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbà pé ó mọ́. "Aṣọ tí ò bá ké, ẹ̀gbin inú ẹ̀ ló di í lẹ́nu." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, àwọn tá a jọ ń gbé ilé, tòkè tìsàlẹ̀, sì ti torí ẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Aṣọ-ń-ké.

Kí ẹ tó sọ pé àṣejù ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ilé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹ̀rọ tó tó yàrá kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, wọ́n á máa yí, wọ́n á máa bú ramúramù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀wù dókítà tí oògùn bá ta sí, Màmá ni wọ́n ń gbé e fún. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ ibi tí aṣọ gbé dọ̀tí, pé gbogbo ẹ̀ ló kàn máa ń nà bíi tíṣà tínú ń bí. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìfọṣọ kankan ò ní wọ ilé òun lójú òun.

Èmi ọmọ rẹ̀, búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó ni iṣẹ́ mi. Aṣọ funfun là ń wọ̀ níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ronú kan irú ẹ̀ fún ẹni tó ń po bọ́tà àti ṣokoléètì, Ọlọ́run ló máa dá a lẹ́jọ́. Ó yẹ kí n máa fọ̀ ọ́ fúnra mi, mo mọ̀. Mo dán an wò rí. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo sá a, Màmá lọ ká a lórí okùn, ó tún un fọ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò ò gbọdọ̀ rí i kí wọ́n má baà rò pé òun ti kú.

Ìjà kan ṣoṣo tó wà láàárín àwa méjèèjì ni ìjà bàsíà. Bàsíà onírin ni, etí rẹ̀ ti wọ́, ó ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Orúnkún ń dun Màmá, ẹ̀yìn ń dùn ún, mo fẹ́ kó sinmi, mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ. A fà á títí tínú fi bí i, ló bá búra.

"Lọ́jọ́ tí aṣọ bá kúrò lọ́wọ́ mi láì ké, kí ẹ gba bàsíà. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wọlé. Èmi á jókòó, màá máa wo ògiri, ògiri á máa wò mí."

Bàbá mi, tó ń tún aago ṣe nídìí fèrèsé yàrá ìgbàlejò wa, gbójú sókè. "Ìyá wọn, rọra búra o."

Màmá ò dáhùn. Mo rò pé ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni, torí ọlọ́gbọ́n ló mọ ọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọṣẹ tuntun dé ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, tá à ń pè ní Sístà Olóòórùn torí lọ́fínńdà tó máa ń dà sára, tò wọ́n sí iwájú fèrèsé. Ọṣẹ olómi ni, inú ìgò elésè-àlùkò ló wà, ó tún dé ìdérí fàdákà bí ọba. Wọ́n ní ìdérí kan péré tó fún aṣọ bàsíà kan. Owó ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ létí òbí. Mo rà á. Mo ní tí n ò bá rí ẹ̀rọ gbé wọlé, ọṣẹ tó ń dín gbígbo kù ńkọ́?

"Màmá, mo ra ọṣẹ tuntun wá o!"

"Ọ̀sẹ̀ tuntun?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọjọ́bọ̀ la ṣì wà, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé iná ààrò ti ń kọlù ẹ́ lórí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣebí Màmá ò kúkú níṣẹ́ méjì ju kó máa fini ṣeré. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Bàbá ní, "Ìyá wọn, bá mi mú aago orí àga yẹn wá." Màmá bá gba ilé ìdáná lọ, ó bu omi tútù sínú ago, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bàbá wo omi, ó wo Màmá, ó mu ún tán pátá, ó ní, "O ṣé é." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ mú aago rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní àwọn àgbà yìí, eré ìfẹ́ wọn ò lópin.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá gbé bàsíà sí balùwẹ̀. Èmi wà nílé ìdáná, mo ń fi ẹ̀rọ po ìyẹ̀fun, ariwo rẹ̀ ò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohunkóhun àfi ohùn Màmá.

"Kò ké o!"

"Ẹ fún un láyè, Màmá!"

Ó tún ṣe díẹ̀. "Mo ní kò ké! Mo ti fi kún un!"

Kí n tó pa ẹ̀rọ, nǹkan funfun kan ti ń yọ́ bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìfófòó ni. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láì kí ẹnikẹ́ni, ó wọ yàrá ìgbàlejò, ó ń lọ síbi tábìlì Bàbá. Bàbá ká ẹsẹ̀ sókè sórí àga, ó kó àwọn aago rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Yéè! Ọṣẹ yìí mà fẹ́ ṣe wá lọ́ṣẹ́ o!" Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí. Mo sáré mú ìgbálẹ̀, mo yọ̀, mo fi ìdí jókòó sáàárín ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, dẹ́rẹ́bà tó ń gbé abẹ́ wa ń ké pé, "Ẹ̀yin ará òkè! Ṣé àwa náà wà lára aṣọ tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀ ni?"

Màmá jáde sí wa, ìfófòó bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, aṣọ iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ yẹn funfun. Àbàwọ́n bọ́tà tó ti wà lápò rẹ̀ láti ọdún tó kọjá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Màmá le.

"Odi lọṣẹ ẹ. Mo fọ̀ ọ́, mo gbo ó, mo lò ó dé ìdajì ìgò. Kò fọhùn."

Èṣù ló tì mí. Mo dìde nínú omi, mo ní, "Màmá, aṣọ ti kúrò lọ́wọ́ yín láì ké o. Ẹ rántí bàsíà."

Bàbá ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ," ní ohùn tí kì í sábà fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ mi kọ́," Màmá ń wí. "Ọṣẹ ni. Ẹni tó tà á ló máa gbà á padà." Ló bá fún aṣọ náà, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó gba ìsàlẹ̀ lọ. Mo tẹ̀lé e, ìdí mi ń kán tótó.

Àwọn oníbàárà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá gbé ìgò lé káńtà, ó gbé aṣọ tutù tì í. "Ọmọ mi, n ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ọṣẹ yìí fọ̀ kì í ké."

Sístà Olóòórùn mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó ṣan aṣọ náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn káńtà, ó ká a mọ́ ọrùn-ọwọ́, ó gbo ó lẹ́ẹ̀kan.

Fíọ̀!

Ó ké débi pé ọkùnrin kan tó ń yan bébà ìnùdí bojú wẹ̀yìn. Sístà tún gbo ó. Fíọ̀! Fíọ̀!

Màmá na ọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó ti jàre. "Ṣẹ́ ẹ rí i? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí i. Aago tó di omi, ọ̀sẹ̀ tuntun lọ́jọ́bọ̀, tẹlifíṣọ̀n tí ohùn rẹ̀ máa ń wà lókè réré, gbogbo ẹ̀ tò síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá wo Sístà, ó wo ọkùnrin yẹn, ó wá wo èmi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó kà á lójú mi kí n tó rí i pa mọ́.

"Ó ké, àbí?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

Mo fi orí dá a lóhùn.

Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sístà, ó ní ọṣẹ rẹ̀ dára. Lórí àtẹ̀gùn ló ti sọ̀rọ̀, kò sì wẹ̀yìn. "Ariwo ilé-ìwòsàn yẹn. Àṣé ó bá mi délé." Nígbà tá a wọlé, ó dojú bàsíà dé nínú balùwẹ̀. "Ìbúra ni ìbúra. Lọ ra ẹ̀rọ ẹ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé inú mi dùn, ẹ ò mọ̀ mí. Ohun tí mo ń jà fún látọjọ́ yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó dà bíi pé mo jí i. Mo lọ bá Bàbá nídìí aago.

"Bàbá, ṣẹ́ ẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu omi tí n ò béèrè." Kò gbójú sókè. "Omi dáa fún ara."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ó ń gbọ́ aṣọ ẹ̀. Mo ní nígbà tó bá ṣì ń gbọ́ aṣọ, kò tíì burú. Àṣé ọwọ́ ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ fún un, tí etí kàn ń gba ìyìn."

Mo bẹ Màmá pé ká lọ rí dókítà etí. Ó gbà, ó rọrùn jù, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo ògiri bó ṣe ṣèlérí. Aṣọ ń pọ̀. N ò ra ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Ìgbà tó yá, bàbá mi, tí n ò rí kó fọ áńkáṣíìfù rí láyé mi, dìde nídìí aago. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí bàsíà. Ó da ọṣẹ, ó da omi, ó di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́rùn bí ẹni tó mú olè, ó ń rì í bọmi, ó ń fà á yọ. Omi ń ta sí ògiri, ó ń ta sí òun náà lójú. Màmá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbìyànjú láti mójú kúrò, kò lè ṣe é.

"Bàbá wọn, kí ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fi ṣẹ̀ yín?"

"Mò ń fọṣọ ni."

"Ẹ ń pa á ni! Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ dìde, mo ní!"

Bàbá dìde, ṣùgbọ́n kò jáde. Ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó tì í, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀ kó lè yé e dáadáa. "Ìwọ fọ̀. Èmi á máa gbọ́ ọ. Etí tó ń gbọ́ ìrìn aago, ṣé aṣọ ló máa kọjá ẹ̀?"

Màmá dúró, ó wò ó. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ní ọṣẹ ló ta sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kan ọṣẹ. Ó jókòó. Ó da èyí tí ọṣẹ pọ̀ nínú ẹ̀ nù, ó wọn ìdérí kan péré, ó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. A ti rí dókítà, wọ́n fún un ní nǹkan tó ń kì sétí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan omi, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀ ló máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá á jókòó sórí àpótí, tí aṣọ bá ké, á na ọwọ́ sókè, Màmá á sì jù ú sínú korobá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ti jinná, òórùn rẹ̀ ti gba ilé, ebi ń pa Bàbá, aṣọ iṣẹ́ mi ló sì kù. Màmá ká a mọ́wọ́, ó gbo ó. Èmi náà wà lẹ́nu ọ̀nà, n ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá na ọwọ́ sókè gan-an.

"Ó ti ké!"

Màmá ò ju aṣọ sílẹ̀. Ó di ojú, ó tún gbo ó díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ ọrùn-ọwọ́ sí i bí ẹni tó tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. Ó wá la ojú.

"Irọ́ lẹ pa, Bàbá wọn. Ọrùn-ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ."