Okùn Tíṣà Lẹ́yìn Ilé Wa

Bí mo bá rí obìnrin tó ń fo okùn, Tíṣà tó yá yàrá ní ilé wa ní àdúgbò Fate ni mo máa ń rántí. Ará Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, kí fóònù alágbèéká tó dé. Okùn ìso-ewúrẹ́ tí wọ́n rà ní ọjà Ìpàta ni wọ́n fi ń fò láràárọ̀. Wọ́n á máa kà á sókè bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Bí okùn bá kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Màmá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. "Tíṣà, eré ọmọdé lẹ ń ṣe yìí o."

Tíṣà dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkọ mi," ni wọ́n fèsì. "Dókítà ní tèmi náà ti ń ga. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ṣì wà ní yunifásítì. Mi ò fẹ́ kó sin ìyá lẹ́yìn bàbá kó tó jáde."

Màmá mi padà wọlé.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí nọ́ọ̀sì kan yẹ màmá mi wò, tó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lọ bá Tíṣà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí wọ́n lọ níkẹyìn, mo tẹ̀ lé wọn. Tíṣà ò mẹ́nu kan ẹ̀rín ọjọ́sí. Wọ́n na okùn sí màmá mi.

"Ẹ bọ́ bàtà yín," ni wọ́n sọ. "Ẹ rọra máa fò. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó, mo wà níbí."