Bàtà Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọtí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró tì mí, ṣùgbọ́n ìlú náà kò wọ̀ wọ́n lójú. Aláṣọ funfun ni wá, gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ìjọ wa sì ń lò. Ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń jáde níbẹ̀, wọ́n ní, "Lọ́la, bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì ilé. Mi ò lè máa sin Ọlọ́run lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù."

Mo yà ra iṣu ní Rye Lane, wọ́n sì ṣáájú. Nígbà tí mo máa fi jáde, n ò rí wọn mọ́. Bàtà wọn ni mo kọ́kọ́ rí, tí wọ́n tò jẹ́jẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí ńlá tó wà níkangun òpópónà.

Ẹni tó bá mọ ilé náà kò ní bá wọn wí. Ayé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ: bíríkì pupa, táìlì aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, òrùlé ṣóńṣó, dígí aláràbarà lójú fèrèsé.

Mo wọlé. Wọ́n dúró láìwọ bàtà, nínú sùtánà, wọ́n ń wo àjà tí wọ́n fín bí òdòdó. Àwọn tó ń mutí ti yíjú sí wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ṣí fìlà.

"Àbúrò mi, pẹpẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọtí ni o."

"Ilé kí ni? Kí ni wọ́n wá ń fi irú dígí yìí ṣe?"

"Kí ọtí lè wu èèyàn mu ni, mà."

Mo rò pé ìtìjú máa lé wọn dé pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n obìnrin òyìnbó tó ni ibẹ̀ ti gbé àga àti tíì wá. Ó fi àpá kan hàn wá lára káńtà. Ògiri pákó ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́: olówó níhìn-ín, lébìrà lọ́hùn-ún, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Wọ́n sì ti wó o?"

"Ó ti pẹ́."

"Àwa ṣì ń jókòó, ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì. Àwọn ọ̀mùtí yìí ti ṣáájú wa!"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí sùtánà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a jáde, bàtà ṣì wà níbi tó wà.

"Kò sẹ́ni tó gbé e?"

"Kò sẹ́ni, mà."

Wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Ó dáa. Fi ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ná. Gbé iṣu náà wá, ìwọ ò mọ̀ ọ́n bó."